Ọmọ mi di ẹ̀ṣọ́ àtìmọ́lé l'Amẹ́ríkà

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n gba ọmọkùnrin mi síṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ní àtìmọ́lé káúntì kan l'Amẹ́ríkà. Àyà mi ń já. Kí ni wọ́n máa kọ́ ọ? (Ìyá oníṣòwò gàrí, Kétu)

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú àdúrà ọmọ. Ogún ọdún ni mo fi ṣe ẹ̀ṣọ́ ẹ̀wọ̀n ní Àjàṣẹ́ níbí.

Àtìmọ́lé káúntì, ìyẹn ti ìjọba ìbílẹ̀ wọn, yàtọ̀ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n ńlá. Ṣẹ́ríìfù, olórí agbófinró káúntì, ló sábà máa ń darí rẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tó wà níbẹ̀ ni ilé ẹjọ́ kò sì tíì dá lẹ́bi. Láti ìgboro ni wọ́n ti ń kó wọn dé: ọtí lójú, oògùn olóró lára, orí ẹlòmíì ò pé. Pípa ara ẹni ló ti ń pa wọ́n jù níbẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún.

Mo rántí ọmọdékùnrin kan, òru àkọ́kọ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Kò jẹun, kò sọ̀rọ̀. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi ní ohun tí mo lè ṣe. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ń béèrè ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ títí àkùkọ fi kọ.

Nítorí náà, kí ọmọ yín béèrè fún ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní CIT (Crisis Intervention Team). Ìlú Memphis l'Amẹ́ríkà ló ti bẹ̀rẹ̀ fún àwọn ọlọ́pàá ní 1988. Wákàtí 40 ni. Ó ń kọ́ni bí a ṣe ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ tu ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ dàrú nínú.

Àìtó òṣìṣẹ́ ń da àwọn àtìmọ́lé náà láàmú gan-an, wọ́n sì ń fipá mú àwọn ẹ̀ṣọ́ ṣiṣẹ́ kọjá àkókò. Tí ẹ bá pè é, ẹ bi í bóyá ó sùn.