Làpálàpá lára ẹni tó ń lo prednisone: má tíì ra ìpara yẹn

Àbúrò mi ará Ṣábẹ, ẹ kú ìtọ́jú bàbá. O ní wọ́n ń lo prednisone, oògùn tó ń dín agbára tí ara fi ń bá àrùn jà kù, nítorí kíndìnrín, làpálàpá sì ti gba gbogbo itan wọn, ẹnì kan wá ní kí o ra ìpara tó ní oògùn mẹ́ta nínú. Jọ̀ọ́, má tíì rà á. Irú ẹ̀ ló fi oṣù mẹ́rin jẹ ìyá mi níyà níbí ní Kétu.

Àtọ̀gbẹ ló ń ṣe ìyá mi. Òrùka kékeré kan ló kọ́kọ́ yọ lábẹ́ ọmú wọn, etí rẹ̀ wú, àárín rẹ̀ mọ́. Mo ra ìpara lọ́jà. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, kò yún wọn mọ́, a ń dúpẹ́. A dáwọ́ dúró, ó padà. A tún pa á, ó lọ, ó tún padà, títí kò fi jọ òrùka mọ́, tó kàn tẹ́ lọ sẹ́yìn wọn bí omi tó dà sórí ẹní. Nọ́ọ̀sì kan ló gba ike náà lọ́wọ́ mi, ó ka ara rẹ̀: clobetasol. Irú cortisone kan ni, irú rẹ̀ ló sì sábà máa ń wà nínú ìpara oògùn mẹ́ta bẹ́ẹ̀. Ó ń pa yíyún, àmọ́ ó ń di ara tó yẹ kó jà lọ́wọ́. Ẹbí ohun tó ń hu lórí búrẹ́dì tó ti pẹ́ ló ń fa làpálàpá. Bí kò bá rí ẹni lé e, ńṣe ló ń fẹjú. Prednisone tí bàbá ń gbé mì, ọmọ ìyá cortisone yẹn náà ni. Ṣùgbọ́n wọn ò gbọ́dọ̀ dá a dúró fúnra wọn o, ewu ńlá ni.

Nílé ìwòsàn, wọ́n fi abẹ ha etí ibi tó ń tàn, èépá funfun bọ́ sórí gíláàsì bí ìyẹ̀fun, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Béèrè fún èyí. Clotrimazole, ìpara tó ń gbógun ti ohun tó ń fa làpálàpá gan-an, ni wọ́n wá fún wa, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, ká pa á kọjá etí rẹ̀, ká sì tún fi ọ̀sẹ̀ méjì pa á lẹ́yìn tí ara bá ti mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ló le jù, torí ìyá mi ní kí ni àwọn tún ń pa. Alaalẹ́ ni mò ń fi aṣọ gbígbẹ nu àárín ìka ẹsẹ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí ibẹ̀ ti là, ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ kì í sì í ṣeré.

Ní ti bàbá, ìpara nìkan lè má ká a. Bí dókítà bá sọ̀rọ̀ oògùn gbígbé mì, bíi terbinafine tàbí itraconazole, kó gbogbo oògùn wọn dání lọ, torí itraconazole a máa bá ọ̀pọ̀ oògùn jà.

Mi ò kẹ́gàn ewé àsùnwọ̀n òyìnbó, òun ni wọ́n fi pa tèmi ní kékeré. Lára ìyá mi tí clobetasol ti sọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ńṣe ló bó wọn.

Bí ara bàbá bá gbóná, bí ẹsẹ̀ wọn bá wú tó sì ń pọ́n, tàbí tí kókó kéékèèké tó jìn láàárín bá ń yọ lójú wọn, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ lọ.