Kí ló ń mú kí ẹnu kòròfo ọta ìbọn àtijọ́ là?

Ẹnìkan béèrè láti Ìjẹ̀bú-Òde pé kí ló ń la ẹnu kòròfo ọta Martini-Henry, ìbọn àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, nígbà tí wọ́n bá ń fún un pọ̀ kó lè kéré.

Idẹ náà ló ti le jù. Bàbà 70 nínú 100 ni idẹ ọta sábà máa ń jẹ́, síńkì 30. Bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ló ń le sí i, títí yóò fi sán. Àwọn tó fẹ́ràn ìbọn 1871 yìí ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ara kòròfo idẹ geji 24 (geji ni ìwọ̀n bí ẹnu ìbọn ṣakabùlà ṣe fẹ̀ tó). Wọ́n á kọ́kọ́ fi iná mú kí ẹnu rẹ̀ rọ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá máa fún un díẹ̀díẹ̀. Ìsàlẹ̀ kòròfo náà kò gbọdọ̀ rọ̀ rárá o, torí ibẹ̀ ló ń gba agbára ẹ̀tù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé e dúró sínú omi, kí ìsàlẹ̀ náà má baà gbóná bí iná ṣe ń kan ẹnu rẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ irin lè bẹ̀rù omi yẹn, nítorí irin gbígbóná a máa le tí a bá rì í bọ omi. Idẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ní Nàìjíríà, òfin kò gbà kí a ṣe ọta láìgbàṣẹ. Bí ẹ bá rí ọta tó ṣì ní ẹ̀tù nínú ẹrù àwọn bàbá yín, ẹ má fi iná kàn án, ẹ pe ọlọ́pàá.