Ìyìn ń wọlé wá bá ẹ, ìwọ lò ń lé e jáde

Àbúrò mi aránṣọ ní Kétu, mo rí lẹ́tà ẹ gbà. O ní tóo bá ti gbé fótò aṣọ tuntun sórí sítátọ́ọ̀sì WhatsApp, ṣe lo máa ń ṣí i wò ṣáá títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹni tó bá wò ó tí ò sọ nǹkan kan, ó ti bà ẹ́ nínú jẹ́ nìyẹn. O tún yá 20,000 sẹ́fà ra lésì ìnáwó kan, ọkọ ẹ kàn wò ẹ́, ó ní "jẹ́ ká máa lọ, ọ̀kadà zém ti dé". O wá ń bi èmi Tántì pé ṣé àrùn ni.

Àrùn kẹ̀? Ta ni ò fẹ́ kí wọ́n yin òun? Nígbà tóo wà ní kékeré, ìyá àgbà á kì ẹ́ láàárọ̀ kóo tó bọ́jú, kódà tóo bá tọ̀ sórí ẹní lóru wọ́n á ṣì kì ẹ́ kanlẹ̀, ìyẹn ò ná ẹ ní kọ́bọ̀. Ti sítátọ́ọ̀sì yìí, gbèsè lo fi ń rà á, wákàtí 24 péré ó ti pòórá.

Àmọ́ ibi tóo sáré kọjá nínú lẹ́tà yẹn gan-an ló mú mi. O ní oníbàárà kan wá gba bùbá ẹ̀, ó yí i síta yí i sínú, ó fọwọ́ ra ọrùn ẹ̀, ó ní òun ò rí ẹni tó ń rán ọrùn aṣọ báyìí rí. Kí lo fi dá a lóhùn? "Háà, ọrùn ẹ̀ ò tiẹ̀ gún, ìkánjú ni mo fi rán an." Ẹ gbà mí! Nǹkan tóo ń wá kiri lórí fóònù ló fẹsẹ̀ rìn wọ átẹ́líẹ̀ bá ẹ, o sì lé e síta. Agbọ̀n lo fi ń pọnmi, ìyìn ò wọ́n ẹ rárá. Ẹni tó bá ń fojú kékeré wo ara ẹ̀, tí wọ́n bá yìn ín á ní wọ́n ń tan òun ni, àbí wọn ò tíì mọ òun dáadáa.

Àwọn kan ní yunifásítì Waterloo ní Kánádà tẹ ìwádìí kan jáde lórí irú èyí ní 2007. Wọ́n ní káwọn tí ò ka ara wọn sí rántí ìgbà tí olólùfẹ́ wọn yìn wọ́n. Àwọn tó kàn ròyìn bó ṣe ṣẹlẹ̀, kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan, àmọ́ àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n ṣàlàyé ìdí tó fi yìn wọ́n àti ohun tó túmọ̀ sí fún wọn, ìyẹn wọlé.

Torí náà mú káyé kan, kọ ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn sílẹ̀. Kí ló ń wá tó fi yí aṣọ síta? Kí ló rí lọ́wọ́ ẹ tí ò rí lọ́wọ́ àwọn tó kù? Tó bá padà wá, "ẹ ṣé mà, mo fara balẹ̀ rán an", kó parí síbẹ̀, má fi àbùkù kankan kún un.

Ti ọkọ ẹ, ọkùnrin míì ò lẹ́nu ẹ̀ ni jàre. Sọ fún un lójú ẹ̀ pé ó máa ń wù ẹ́ kó sọ nǹkan, má fi gèlè dán an wò mọ́. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ó ń bú ẹ, tàbí ó ń fi ẹ́ ṣẹ̀sín, ìyẹn yàtọ̀, tún kọ̀wé sí mi.

San gbèsè yẹn kóo tó ra òmíì o. Kóo sì wọ lésì yẹn lọ sọ́jà lọ́jọ́ tí o ò ní ya fótò kankan.