Àbúrò tó béèrè nípa xy − 3x + 2y = 17, má fi àwọn máínọ́ọ̀sì sílẹ̀ o

Àbúrò mi, mo ti rí ìbéèrè ẹ, pé wọ́n ní kẹ́ ẹ wá gbogbo odidi nọ́ńbà tó lè jẹ́ x àti y nínú xy − 3x + 2y = 17, o wá ń béèrè ibi tí tíṣà yín ti rí 6. Ìyẹn ò le rárá, fi 2 tó wà níwájú y sọ −3 tó wà níwájú x di ìlọ́po, −6 nìyẹn, fi kún apá méjèèjì, ó ti di (x + 2)(y − 3) = 11. Ó tán.

11 yẹn gan-an ni wàhálà. Àwọn èèyàn á wá nọ́ńbà méjì tí táìmìsì wọn jẹ́ 11 fún x + 2 àti y − 3, wọ́n á kọ 1 àti 11, wọ́n á kọ 11 àti 1, wọ́n á rí x = −1, y = 14, wọ́n á tún rí x = 9, y = 4, wọ́n á pa ìwé dé. Ṣé −1 táìmìsì −11 kì í ṣe 11 ni? Nígbà tèmi ní Kubwa, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo kọ, tíṣà lesson wa fi báírò pupa fagi lé méjì, ó ní kò sí nínú ìwé ìdáhùn tó wà lọ́wọ́ òun. Mo lọ bá ọ̀gá ẹ̀, ìyẹn ní ṣé mo gbọ́n ju ìwé lọ ni. Ẹ wò ó, tí x + 2 bá jẹ́ −1, tí y − 3 jẹ́ −11, x á di −3, y á di −8, fi wọ́n síbẹ̀: 24 + 9 − 16, 17 ni. Yí wọn padà, x = −13, y = 2: −26 + 39 + 4, 17 náà ni. Kí lẹ wá ń fagi lé? X = −1 tí òun fúnra ẹ̀ máàkì sí rere ńkọ́, ṣé kì í ṣe máínọ́ọ̀sì ni? Wàláhì, ó ṣì ń bí mi nínú.

Tí ẹnì kan bá sì sọ fún ẹ pé equation kan ṣoṣo ò tó láti fi rí x àti y, bi í bóyá ó rí "odidi" nínú ìbéèrè. Láìsí odidi, òótọ́ ló sọ, torí tí x bá jẹ́ 0, y á di 8.5, ìdáhùn ò ní lópin, má wulẹ̀ dààmú ara ẹ.

Kíyè sí 2xy náà o, ìyẹn máa ń da èèyàn láàmú. Ká ní 2xy + x + y = 7 ni, kọ́kọ́ sọ gbogbo ẹ̀ di ìlọ́po 2, kó o tó fi 1 kún un, á di (2x + 1)(2y + 1) = 15. Mẹ́jọ ni ìdáhùn tó o máa kọ síbẹ̀, kì í ṣe mẹ́rin.