Búlọ́ọ̀kù méjì lábẹ́ ọ̀kadà: ṣé kò léwu?

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà ni mí níbí ní Abẹ́òkúta, Bajaj Boxer ni mo máa ń gùn lọ síbi iṣẹ́. Owó tí mò ń san fún mẹkáníìkì lórí ṣéènì àti bíréèkì ti pọ̀ jù fún mi, mo wá ra sípánà díẹ̀ kí n lè máa fọwọ́ ara mi ṣe èyí tó bá kéré. Ohun tó dà mí láàmú ni bí máṣíìnì ṣe máa dúró tí táyà bá kúrò nílẹ̀. Mi ò lówó tí mo lè fi ra sítáǹdì tí ẹ̀ ń lò ní ṣọ́ọ̀bù. Búlọ́ọ̀kù méjì ni mò ń tẹ́ sábẹ́ ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n ìyàwó mi ní òun ò fẹ́ rí i mọ́. Àgbàlá wa náà kò tẹ́, ó ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́, ẹ bá mi kí ìyàwó yín dáadáa. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹ gbé búlọ́ọ̀kù yẹn kúrò lónìí, ẹ má dúró dọ̀la.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, èmi àti ọmọ iṣẹ́ kan la jọ ń tú táyà iwájú. Ọ̀gá wa ti jáde. Búlọ́ọ̀kù ló wà lábẹ́ máṣíìnì. Irin gbọọrọ tó gba àárín táyà kọjá ti dípẹtà, mo wá ń fi hámà gbá a. Mo rí eruku kan tó ń dà sílẹ̀ lára búlọ́ọ̀kù, fúlúfúlú, bí ìgbà tí wọ́n ń jọ èlùbọ́. Mi ò tíì mọ ohun tí eruku náà ń wí fún mi tí máṣíìnì fi wólẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹnìkejì mi há sábẹ́ fúútírẹ́ẹ̀sì. Ó ju oṣù méjì lọ kó tó lè fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ dáadáa.

Ara ògiri ni búlọ́ọ̀kù ti wúlò, níbi tí ẹrù ti ń tẹ gbogbo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Inú rẹ̀ ní ihò, iyanrìn sì pọ̀ ju sìmẹ́ńtì lọ nínú rẹ̀. Tí irin bá wá tẹ ojú kan ṣoṣo lára rẹ̀, tí ẹ tún ń fi hámà mì ín, á kàn fọ́ lójijì ni. Pákó kò rí bẹ́ẹ̀. Pákó á kọ́kọ́ ké, á tẹ̀, á là díẹ̀díẹ̀, ẹ ó ti gbọ́ ọ kó tó dá. Boxer yín sì wúwo ju 100 kílò lọ, ìyẹn ju àpò sìmẹ́ńtì méjì. Ẹ ò lè fọwọ́ gbá a mú tó bá ti ń ṣubú.

Ilẹ̀ ló kàn, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ fiyè sí jù, torí gbogbo wa ní Abẹ́òkúta la mọ̀ pé orí àpáta nìlú wa wà. Láti Aké títí dé Ìtòkú, ilé tí àgbàlá rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ kò pọ̀. Mo ti rí ẹni tó ra jáàkì olówó ńlá, tó wá gbé e sórí ibi tó dagun. Bí ilé yín bá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́, ibẹ̀ ni kí ẹ ti ṣe é, bó tiẹ̀ há. Láti mọ̀ bóyá ilẹ̀ tẹ́, ẹ bu omi sínú ìgò funfun kan tí ojú lè rí inú rẹ̀, kó má kún tán, ẹ dé e, kí ẹ dá a dùbúlẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó kù nínú rẹ̀ á sá lọ síbi tó ga jù. Ẹ yí ìgò náà sí ọ̀nà méjì, lóòró àti níbùú, kí ẹ wo ibi tí afẹ́fẹ́ dúró sí.

Bí kò bá wá sí ibòmíràn àfi ibi tó dagun díẹ̀, ẹ kọ orí máṣíìnì sí òkè. Ìdí rẹ̀ nìyí: tí ẹ bá fẹ́ sọ máṣíìnì kalẹ̀ lórí dọ́bù sítáǹdì, ìyẹn sítáǹdì ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó wà lábẹ́ àárín máṣíìnì, iwájú lẹ máa ń tì í sí, àbí? Ìyẹn ni pé tó bá fúnra rẹ̀ yí lọ síwájú, sítáǹdì á ká. Ṣùgbọ́n tó bá kọjú sí òkè, ẹ̀yìn ni ìwọ̀n rẹ̀ ń fà á sí, èyí á túbọ̀ máa ti ẹsẹ̀ sítáǹdì mọ́lẹ̀. Èyí tó burú jù ni kí ó dúró ní ìbú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ẹ̀gbẹ́ kan ga ju èkejì. Ẹ má ṣe é rárá. Lákòókò òjò, tí ilẹ̀ bá rọ̀, ẹ tẹ́ pákó fífẹ̀ kan sábẹ́ ẹsẹ̀ sítáǹdì méjèèjì kó má baà rì.

Ní ti owó, ẹ̀yin gan-an ti ní sítáǹdì. Dọ́bù sítáǹdì tó bá Boxer yín wá ló yẹ kí owó yín kọ́kọ́ lọ sí. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà ló ti jẹ́ kí tiwọn jẹ: sípíríǹgì rẹ̀ ti rọ, ihò bóòtì rẹ̀ ti fẹ̀, ẹsẹ̀ kan ti kúrú ju èkejì. Ẹ gbé máṣíìnì lé e lórí, ẹ di hándù àti ẹ̀yìn ìjókòó mú, kí ẹ mì í. Tó bá ń jó lọ jó bọ̀, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà kó tún un ṣe. Owó tí ẹ máa ná síbẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti sítáǹdì ṣọ́ọ̀bù, ẹ ó sì lè fi ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tí ẹ kà sílẹ̀.

Kí ẹ tó gbé e, ẹ kọ́kọ́ dẹ nọ́ọ̀tì tó bá le nígbà tí táyà méjèèjì ṣì wà nílẹ̀. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ sábà máa ń gbàgbé èyí. Nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn máa ń le gan-an, ẹ ó fi gbogbo ara fa sípánà. Tí ẹ bá wá ń fa á nígbà tó wà lórí sítáǹdì, máṣíìnì lẹ máa fà lulẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí ẹ bá parí: ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ kí ẹ tó di nọ́ọ̀tì náà pa.

Ẹ gba àjákù túùbù lọ́wọ́ fọkanáísà, wọ́n á fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ gé e bí okùn, ẹ fi di bíréèkì iwájú mọ́ hándù kó dì pinpin. Táyà iwájú kò ní lè yí mọ́ nìyẹn. Jíà kò lè ràn yín lọ́wọ́ níbí, torí táyà ẹ̀yìn tí jíà ń dì mú ti wà lókè.

Láti gbé e sórí dọ́bù sítáǹdì, ẹ má fi ẹ̀yìn gbé e. Ẹ fi ẹsẹ̀ ọ̀tún ti sítáǹdì sílẹ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì á fi kan ilẹ̀, ẹ fi ọwọ́ òsì di hándù mú, ọ̀tún kí ó di irin ẹ̀yìn ìjókòó. Lẹ́yìn náà, kí ẹ fi gbogbo ìwọ̀n ara yín tẹ sítáǹdì mọ́lẹ̀. Á gòkè fúnra rẹ̀.

Bó bá jẹ́ ṣéènì tàbí táyà ẹ̀yìn lẹ fẹ́ ṣe, ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ kàn kìlọ̀ kí ẹnikẹ́ni má jókòó lé e nígbà tí táyà ẹ̀yìn bá ti kúrò.

Táyà iwájú ló nílò ohun mìíràn lábẹ́. Ẹ lọ bá káfíńtà tàbí àwọn tó wà ní sọ́míìlì, kí ẹ bèèrè àjákù pákó 2×4. Ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń dá a sílẹ̀ fún àwọn tó ń dáná, kò ní wọ́n yín. Igi líle ni kí ẹ ṣà, bí ìrókò tàbí apá. Èyí tí ikán ti wọ̀ tàbí tó ti là, ẹ fi sílẹ̀ fún ààrò. Ẹ gé e ní ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Ẹ to mẹ́ta sílẹ̀, ẹ to mẹ́ta mìíràn dábùú wọn, kí ẹ fi ìṣó ínṣì 3 kàn wọ́n pọ̀. Ẹ fi tépù wọn àlàfo tó wà lábẹ́ máṣíìnì kí ẹ lè mọ iye ìpele tí ẹ máa tò. Gíga rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju fífẹ̀ rẹ̀ lọ. Ẹ kan túùbù mọ́ òkè rẹ̀ kó má baà yọ̀.

Ẹ pe ẹnìkan kó tẹ ẹ̀yìn máṣíìnì mọ́lẹ̀. Bí iwájú bá ti gòkè, kí ẹ ti pákó náà wọlé. Ibi tí ẹ máa gbé e sí ni abẹ́ irin ṣáásì, ìyẹn irin tó gbé gbogbo máṣíìnì ró, níwájú ẹ́ńjìnnì. Ẹ má jẹ́ kó kan síléńsà, kó má sì kan bóòtì tí a fi ń da ọ́ìlì. Ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì kì í ṣe irin líle bí ṣáásì, ó lè là. Lẹ́yìn náà, ẹ so àpò kékeré kan tó kún fún iyẹ̀pẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó, kí ẹ̀yìn má baà fúyẹ́ kó sì dojú dé síwájú nígbà tí ẹ bá ń tú nǹkan níwájú.

Kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀, ẹ tì í díẹ̀ lọ́tùn-ún, ẹ tì í lósì. Tó bá mì, ẹ tún un tò.

Bí ẹnìkan bá yá yín ní jáàkì kúkúrú tí àwọn awakọ̀ ń lò, orí rẹ̀ kéré, ó lè yọ̀ lábẹ́ irin. Ẹ fi pákó sí orí rẹ̀, ẹ fi gbé e sókè, kí ẹ sì ti pákó yín sábẹ́ kíá. Ọ́ìlì inú jáàkì lè máa jò díẹ̀díẹ̀, kó máa sọ̀ kalẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Mo tún ń rí àwọn tó ń fi okùn so hándù rọ̀ mọ́ ẹ̀ka máńgòrò tàbí igi òrùlé. Okùn dára láti fi dì í mú kó má ṣubú sí ẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló yẹ kó gbé ẹrù náà.

Àwọn kan á ní kí ẹ kúkú dá a dùbúlẹ̀ bí a ṣe máa ń ṣe lójú ọ̀nà. Nílé, mi ò fẹ́. Epo á máa jò láti ojú táǹkì àti kábúrétọ̀, omi bátìrì náà lè dà, ààrò tàbí jẹnẹrétọ̀ sì lè wà nítòsí láìjẹ́ pé ẹ rántí. Kódà tó bá wà ní ìdúró, ẹ ti tápù epo, kí ẹ sì jẹ́ kí síléńsà tutù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Mo bẹ̀ yín lórí ọ̀rọ̀ ṣéènì yìí. Ẹ má tan ẹ́ńjìnnì kí táyà ẹ̀yìn máa yí nígbà tí ẹ ń fi ọ́ìlì tàbí àkísà sí ṣéènì. Àkísà yẹn ni ṣéènì máa kọ́kọ́ gbá mú, á sì fa ìka yín wọ ààrin eyín rẹ̀ kí ẹ tó lè fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ọwọ́ ni kí ẹ fi máa yí táyà, díẹ̀díẹ̀, kọ́kọ́rọ́ kó wà nínú àpò yín. Tí ẹ bá ń wọn bó ṣe dẹ̀ tó, ẹ fi ìka gbé ìsàlẹ̀ ṣéènì láàárín méjì. Ó yẹ kó lè gòkè sọ̀kalẹ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3.

Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ kò tiẹ̀ nílò kí táyà kúrò nílẹ̀: pípààrọ̀ ọ́ìlì, pulọ́ọ̀gì, fífọ fílítà, dídẹ wáyà kílọ́ọ̀ṣì. Fún ìwọ̀nyí, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Tó bá jẹ́ sítáǹdì ẹ̀gbẹ́ lẹ lò, ẹ fi í sí jíà kìíní, torí táyà ẹ̀yìn wà nílẹ̀, jíà á dì í mú.

Kí àwọn ọmọ wà nínú ilé, kí ewúrẹ́ sì wà lórí ìso. Kí ẹ̀yin náà máa jókòó síbi tí ẹ ti lè dìde sá. Tó bá ń ṣubú, ẹ jẹ́ kó ṣubú.

Ṣùgbọ́n bó bá kan fóòkì (irin méjì tó di táyà iwájú mú), bọ́ọ̀lù orí hándù, tàbí apá tó di táyà ẹ̀yìn mú, ẹ gbé ìyẹn lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ dúró tì í kí ẹ máa wò bí wọ́n ṣe gbé e dúró.