Èsì: Àbúrò yín tó ti ṣe sójà rí, tí wọ́n fẹ́ fagi lé probation ẹ̀ (àǹfààní tí kóòtù fún un láti wà níta lábẹ́ àmójútó dípò ẹ̀wọ̀n) ní Houston, Texas

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, àǹtí. Tó bá jẹ́ owó kóòtù tí kò san nìkan ló wà nínú ìwé tí wọ́n fún un, adájọ́ ò kàn lè sọ ọ́ sẹ́wọ̀n bẹ́ẹ̀. Òfin Texas ní ìjọba ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé agbára ẹ̀ ká a tí kò san. Kó tètè kó ìwé owó-oṣù àti rísíìtì owó ilé ẹ̀ jọ.

Àmọ́ tí wọ́n bá kọ ọ́ pé kò lọ rí ọ̀gá probation, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ nìyẹn o. Kó má gba ẹ̀sùn kankan kí lọ́yà tó dé, pàápàá tí ò bá tíì di ọmọ Amẹ́ríkà, torí ó lè kan ìwé ìgbélùú ẹ̀. Tí ò bá lówó lọ́yà, kó bèèrè, kóòtù á yan ọ̀kan fún un. Ẹ jọ̀ọ́, kó má sá!

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ẹ ṣe lónìí:

1. Ẹ wá DD-214 ẹ̀, ìyẹn ìwé tí wọ́n fún un nígbà tó kúrò níṣẹ́ ológun, ẹ wo àpótí 24, ibẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí bóyá ó kúrò pẹ̀lú orúkọ rere tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.
2. Kí lọ́yà bèèrè bóyá kóòtù àwọn sójà àtijọ́, èyí tó máa ń wo ìtọ́jú ṣáájú ẹ̀wọ̀n, lè gbà á, tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ológun ló fa àárẹ̀ ọpọlọ ẹ̀.
3. Ẹ pe Texas Veterans Commission, iléeṣẹ́ ìjọba Texas tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn sójà àtijọ́. Wọ́n máa ń fún àwọn ẹgbẹ́ tó ń ran sójà àtijọ́ lọ́wọ́ lówó, àtirú kóòtù yẹn náà, tíkẹ́ẹ̀tì lọ́tìrì táwọn èèyàn ń ha ni lára owó ọ̀hún ti ń wá látọdún 2009, owó ará ìlú ni, kó má tijú.