Orin Dùn, Ìwà Ọlọ́rin Korò: Ẹ Béèrè, A Dáhùn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú wa. Ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa fẹ́ kọ “Amazing Grace” níbi ìsìn ìrántí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú. Bàbá kan nínú ìjọ ní òwò ẹrú ni ẹni tó kọ orin náà ṣe, pé òun ò ní jókòó gbọ́ ọ. Àwọn ọ̀dọ́ ní ó ti ronú pìwà dà kó tó kọ ọ́. Ta ló jàre? (Olórí akọrin, Àgbádárìgì)

ÌDÁHÙN: Bàbá ló mọ ìtàn jù. Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé ìjì ká John Newton mọ́ agbami, ó ké pe Ọlọ́run, ó fi òwò ẹrú sílẹ̀, ó kọ orin. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìjì jà ní 1748. Láàárín 1750 sí 1754, nígbà tó ti ń pe ara rẹ̀ ní onígbàgbọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe ọ̀gá ọkọ̀ tó kó ẹrú. Àìsàn ló lé e kúrò lójú òkun. Ó ti di àlùfáà ní Olney, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó tó kọ orin yìí fún ìsìn ọjọ́ kìíní ọdún 1773. Ó di 1788 kó tó tẹ ìwé kékeré kan jáde tó fi bu ẹnu àtẹ́ lu òwò náà, tó sì jẹ́wọ́ ipa tiẹ̀. Ogójì ọdún gbáko lẹ́yìn ìjì! (Etíkun Sierra Leone ló ti ń ra ẹrú, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ rẹ̀ kún ìtàn Vlekete, ọjà ẹrú Àgbádárìgì.)

Ohùn tí ẹ fi ń kọ ọ́ gan-an kì í ṣe tiẹ̀. Newton ti kú ní 1807. Ọdún 1835 ni William Walker, ará Amẹ́ríkà, so ọ̀rọ̀ náà mọ́ ohùn yìí.

Ká ní ìsìn ọjọ́ Àìkú lásán ni, à bá ní kí ẹ kọ ọ́. Ẹni tó kọ ọ́ ti kú, kọ́bọ̀ kan ò bọ́ sápò rẹ̀ mọ́, kò sì sí ibi tí orin náà ti gbe òwò ẹrú. Ṣùgbọ́n ìsìn ìrántí àwọn tó gba erékùṣù Gberefu kọjá tí wọn ò padà wálé, ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ni. Ìdáríjì ẹni tó ṣẹ̀ kọ́ ló yẹ ká fi ṣí i. Ẹ fi orin Yorùbá tàbí ti Ògù ṣáájú. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ kọ “Amazing Grace”, ẹ fi í sí ìparí, lẹ́yìn oore-ọ̀fẹ́, kí ẹnì kan sì ka àwọn ọdún tí a kọ sókè yìí kí dùùrù tó dún. Kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ẹ ti sọ fún Bàbá ṣáájú, kó lè bọ́ síta láìsí pé gbogbo ìjọ ń wẹ̀yìn wò ó. Bí Daniel Barenboim, olùdarí ẹgbẹ́ olórin, ti ṣe nìyẹn ní Jerúsálẹ́mù ní 2001, nígbà tó fẹ́ lu orin Wagner, ará Jámánì tó kórìíra àwọn Júù: ó parí ètò tó wà nílẹ̀, ó bi àwọn èrò léèrè, wọ́n jiyàn, àwọn tí kò fẹ́ jáde, ó wá lù ú fún àwọn tó kù.

ÌBÉÈRÈ: “I Believe I Can Fly” ni àwọn ọmọ ilé-ìwé wa máa ń kọ lọ́jọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde. Òbí kan yarí lọ́dún tó kọjá. Ṣé orin náà ló ṣẹ̀ ni? (Ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Ajara)

ÌDÁHÙN: Orin kò ṣẹ̀. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà. Ọgbọ̀n ọdún ni ilé-ẹjọ́ New York rán R. Kelly, ẹni tó kọ orin náà, lẹ́wọ̀n ní 2022, ti Chicago sì tẹ̀ lé e ní 2023. Àwọn ọmọbìnrin tí kò tíì bàlágà wà lára àwọn tó bayé wọn jẹ́. Ẹ ò lè fi ohùn ẹni bẹ́ẹ̀ sin ọmọdé jáde nílé-ìwé.

Ẹni tó ń gbọ́ ọ nílé ara rẹ̀, owó ni kó rò. Lórí Spotify, bí orin bá ti lo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, wọ́n ti kà á sówó. CD àtijọ́ kì í pa owó tuntun fún ẹnikẹ́ni. Kí ẹ sì ṣọ́ra: “You Are Not Alone” tí Michael Jackson gbé jáde ní 1995, R. Kelly ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, owó òǹkọ̀wé ń wọlé lórí rẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ orin tuntun ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ayẹyẹ. Bó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀rọ̀ ò ní tíì yọ̀ mọ́ àwọn ọmọ lẹ́nu, olùkọ́ á sì sáré padà sí ti àtijọ́. Ẹ kìlọ̀ fún DJ pẹ̀lú. Òun ló máa ń ti orin náà bọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ bá ń tò wọlé.

ÌBÉÈRÈ: Àwòrán ni mò ń tà. Oníbàárà kan fẹ́ kí n fi ọ̀dà pa orúkọ ayàwòrán rẹ́ nítorí ìwà rẹ̀. Ṣé kí n ṣe é? (Òǹtajà, Àgbádárìgì)

ÌDÁHÙN: Rárá o. Òfin kọ́píráìtì Nàìjíríà ti 2022 fún oníṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ pé kí orúkọ rẹ̀ wà lára iṣẹ́ rẹ̀. Caravaggio, ayàwòrán ará Ítálì, pa èèyàn ní Róòmù ní 1606, síbẹ̀ àwòrán ńlá tó yà ní 1608 wà ní Valletta, ní Malta, títí dòní, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó yà síbẹ̀. Bí oníbàárà yín ò bá fẹ́ rí orúkọ yẹn lára ògiri rẹ̀, ẹ ta ti ẹlòmíràn fún un.